Àtàǹpàkò 41, owó ilé 9: ṣé a ṣì ń sọ tinú wa lórí WhatsApp báyìí?

Ìyá_Ìbejì_Kubwa · Ọjọ́rú, 9:47 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti fẹ́ẹ̀ di orí fífọ́ sí mi lára.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé òpópó wa ní Kubwa níbí. Ilé 48 ni wá. Lóṣù tó kọjá, alága wa kọ ọ́ sórí gúrúùpù pé kí a ṣe géètì irin sí ẹnu òpópó, kí a fi mẹ́gáàdì kan kún èyí tó wà, kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ₦35,000 wá. Bàbá náà ti ṣe ọ̀gá níṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Bí ọmọ rẹ bá ń ṣàìsàn lóru, mọ́tò rẹ̀ ló máa gbé e. Kò sẹ́ni tí kì í bọ̀wọ̀ fún un. Bó ṣe kọ ọ́ báyìí, tíì ò tíì tutù nínú kọ́ọ̀bù mi tí àtàǹpàkò fi ń rọ́ wọlé. "Ọlọ́run á san yín lẹ́san, sà." "Ó ti pẹ́ jù ká tó ṣe é." Ẹnì kan tiẹ̀ fi fọ́tò géètì tó rí ní Gwarinpa ránṣẹ́. Mo kà á: àtàǹpàkò 41.

Oṣù parí. Ilé 9 ló sanwó.

Ni mo bá gbé ìwé owó, ó di ojúlé sí ojúlé. Ìyá kan tó ń ta míńrà ní, "Ìyá Ìbejì, bí wọ́n bá ń ti géètì láago mẹ́wàá, ibo ni ọkọ̀ tó ń já ọjà fún mi á máa gbà?" Ilé kejì, owó oṣù ọkọ ò tíì wọlé. Ọkùnrin tó kọ "ó ti pẹ́ jù" yẹn gan-an rẹ́rìn-ín títí. Ó ní olè tó ń jí bátìrì sólà wa, inú òpópó yìí ló ń sùn, ta ni géètì fẹ́ dá dúró? Mo ní kí ló dé tí ẹ wá fọwọ́ sí i? Ó wò mí bíi pé ọmọdé ló bi í. "Ṣebí gbogbo yín lẹ fọwọ́ sí i."

Mo padà sílé, mo ṣí gúrúùpù, mo wá orúkọ ara mi. Mi ò fẹ́ géètì. Àtàǹpàkò méjì àti òdòdó kan ni mo fi síbẹ̀.

Kí là ń pe èyí? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ mọ ohun tí àwọn èèyàn yìí ń fẹ́ gan-an?

Àkànní_Nyanya · 9:55 alẹ́

Ẹ̀yin náà fi òdòdó sí i! 😂 Akọ̀wé wa, ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣèwádìí, ẹ̀yin náà lọ̀daràn.

Tíṣà_Minna · 10:31 alẹ́

Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín, Àkànní. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Obìnrin Jámánì kan wà, Elisabeth Noelle-Neumann, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa béèrè èrò ọkàn aráàlú kiri. Ní 1974 ó ṣàlàyé ohun tó ń rí. Ó ní ẹ̀dá ò fẹ́ kí àwọn yòókù yẹra fún òun, nítorí náà gbogbo wa la máa ń yọ́ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ẹni tó bá rò pé èrò òun náà ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn, á sọ ọ́ sókè. Ẹni tó rò pé òun nìkan ni, á dákẹ́. Bí eléyìí ṣe ń dákẹ́ ni ohùn ti àkọ́kọ́ ń pọ̀ sí i létí, àwọn mìíràn á tún tìtorí ìyẹn dákẹ́. Ó lè dé ibi tí gbogbo òpópó á fi rò pé gbogbo òpópó ló fẹ́ géètì.

Ọkùnrin kan tún wà ní Amẹ́ríkà, Solomon Asch, ní nǹkan bí 1951. Ó fa ìlà kan sára páálí, ó fa mẹ́ta mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kí àwọn tó wà nínú yàrá sọ èyí tó gùn bákan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Ọmọ ilé jélé-ó-sinmi á mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti bá gbogbo wọn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, àfi ẹnì kan, pé kí wọ́n jọ ṣì í. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan yìí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìgbà tí wọ́n ṣì í ló bá wọn ṣì í, ojú rẹ̀ sì rí ìlà náà kedere.

Èyí tó wúlò fún yín níbẹ̀, Ìyá Ìbejì: tí ẹnì kan péré nínú yàrá bá yà kúrò lára wọn, tó sọ òótọ́, ara á tu ẹni náà, òun náà á sọ tirẹ̀. Tí wọ́n bá sì ní kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé dípò kó sọ ọ́ létí gbogbo wọn, ìtìjú á dín kù gan-an.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́_Kano · Ọjọ́bọ̀, 6:20 àárọ̀

Mo ka gbogbo rẹ̀, mi ò rí ẹ̀bi WhatsApp níbẹ̀. Yorùbá ni wá. Ta ní ń ko àgbà lójú? Bàbá mi ta aṣọ ní Sabon Gari fún ọdún 37. Kò sí ohun tí bàbá yẹn ò ní èrò nípa rẹ̀: ìṣèlú, ẹ̀sìn, ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìgbà tó bá ti ilẹ̀kùn yàrá tán la tó máa ń gbọ́ ọ. Ó ní kì í ṣe gbogbo ohun tójú rí lẹnu ń sọ. Ẹni tó ń gbé ìlú onílùú tó ń tú gbogbo inú rẹ̀ síta, ṣé ọgbọ́n nìyẹn?

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. Lẹ́yìn tí wọ́n pa ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ní Sókótó ní oṣù karùn-ún 2022, nítorí ohùn tó gbà sórí gúrúùpù kíláàsì wọn, mo pe àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó. Mo ní ẹ kò gbọdọ̀ jiyàn ẹ̀sìn lórí fóònù, ì báà jẹ́ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ tẹ jọ ń jẹun. Òfin ilé mi nìyẹn títí dòní. Ẹ pè é ní ojo tó bá wù yín.

Alhaja_Zaria · 8:02 àárọ̀

Kò sẹ́ni tó máa pè yín lójo, Bàbá. Gbogbo àwa tá a wà lókè ọ̀hún la mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ má da méjì pọ̀. Bàbá yín dákẹ́. Ìyá Ìbejì ò dákẹ́, òdòdó ni wọ́n fi síbẹ̀. Ẹni tó pa ẹnu mọ́ ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àtàǹpàkò yẹn irọ́ ni, a ò gbọdọ̀ bá ara wa fi bò.

Lójú tèmi, ohun tí fóònù gbà lọ́wọ́ wa gan-an ni dídákẹ́. Níbi ìpàdé ẹbí nígbà tá a wà lọ́mọdé, bí ọ̀rọ̀ ò bá tẹ́ ìyá mi lọ́rùn, wọ́n á wo ilẹ̀, wọ́n á pe ọmọ kan kó bu omi wá, tàbí kí wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo ọbẹ̀ níná. Ọ̀rọ̀ á kọjá lórí wọn. Kò sẹ́ni tó ń kọ orúkọ àwọn tí kò sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Lórí WhatsApp, láti 2014 tí wọ́n ti gbé máàkì búlúù méjì yẹn dé, dídákẹ́ náà ti di ọ̀rọ̀. Ẹni tó kọ nǹkan á tẹ ìka mọ́ ọn, á rí orúkọ gbogbo ẹni tó ti kà á, pẹ̀lú aago tí wọ́n kà á.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò ọkọ mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọ ní Ìlọrin. Aṣọ ẹbí ₦120,000, gèlè ò sí nínú ẹ̀ o. Wọ́n gbé e sórí gúrúùpù ẹbí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. "Àṣeyọrí ni, àmín." "Aṣọ yìí mà rẹwà o." Mo kà á, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé, mi ò sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìpè wọlé láti Ìlọrin: "Alhaja, ṣé a ṣẹ̀ yín ni? A rí i pé ẹ ti kà á láti alẹ́ Àìkú." Mo ní rárá o, ojú ló ń dùn mí. Ìpè yẹn ò tíì tutù tí mo ti kọ ọ́ síbẹ̀: "Àṣeyọrí ni, inú mi dùn gan-an." Owó àjọ mi ni mo fi ra aṣọ náà.

Nígbà tá a dé Ìlọrin, èmi àti àwọn ìyàwó ilé mẹ́rin jọ jókòó lẹ́yìn kánópì, ẹsẹ̀ ń dùn wá. Gbogbo wa la jẹ gbèsè aṣọ. Ọ̀kan nínú wọn ní àwọ̀ yẹn ò tiẹ̀ bá òun lára mu. Òun ló kọ "aṣọ yìí mà rẹwà".

Àkànní_Nyanya · 8:15 àárọ̀

Alhaja, ẹ pa máàkì búlúù yẹn kúrò. Ó wà nínú sẹ́tìnsì.

Ọmọ_Jabi · 8:19 àárọ̀

Bọ̀dá Àkànní, kò ṣiṣẹ́ nínú gúrúùpù. Ẹ lè pa á fún ẹni tẹ́ ẹ bá ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́nìkan ṣoṣo. Nínú gúrúùpù, wọ́n á rí yín náà ni.

Alhaja_Zaria · 8:21 àárọ̀

Ẹ ò rí nǹkan.

Kọ́lá_Lugbe · 1:10 ọ̀sán

Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Central Area. Kí ìbò ààrẹ 25 oṣù kejì 2023 tó dé, gúrúùpù mẹ́ta ló ń dá mi láàmú: ti ọ́fíìsì, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ọmọ ìlú wa. Nínú ti ọmọ ìlú, ẹnì kan béèrè ìbéèrè kan péré nípa Tinubu. Kó tó di ọ̀sán wọ́n ti pè é ní ọmọ àlè, lálẹ́ ó jáde. Nínú ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ní òun ò tẹ̀ lé Obi, wọ́n ní kí àwọn alágbàdúrà bá a gbé e. Mò ń fi ẹ̀rín sí i níhìn-ín, mò ń fi àmín sí i lọ́hùn-ún. Ìyàwó mi nìkan ló mọ ibi tí mò ń lọ.

Ẹni tó bá wo gúrúùpù ọmọ ìlú wa nìkan á búra pé Obi ò ní rí ìbò kó lọ́wọ́ wa. Ní Abuja níbí, Obi ní 281,717, Tinubu ní 90,902. Ní Èkó tí Tinubu ti ṣe gómìnà láti 1999 sí 2007, Obi ní 582,454, òun ní 572,606. Òun náà ló padà wọlé ní gbogbo orílẹ̀-èdè, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àtàǹpàkò kan náà ni. Èyí tá a tẹ̀ mọ́ ìwé ìbò, ó kù sí ẹ̀yìn páálí yẹn. Èyí tá a tẹ̀ sórí fóònù, ọ̀gá rí i, àna rí i, pásítọ̀ rí i, lẹ́ẹ̀kan náà. Níbo ni èèyàn ti máa ń bá gbogbo àwọn wọ̀nyí sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ kan náà tẹ́lẹ̀?

Alábòójútó · 1:48 ọ̀sán

Mo ti pa ọ̀rọ̀ mẹ́ta rẹ́ lábẹ́ ti Kọ́lá. Géètì là ń sọ níbí o.

Ọmọ_Jabi · 2:05 ọ̀sán

Ti Kọ́lá yẹn ló fà á tí inú mi fi dùn nígbà tí X, tó ń jẹ́ Twitter tẹ́lẹ̀, fi àwọn ohun téèyàn fẹ́ràn pamọ́ ní oṣù kẹfà 2024. Kó tó dìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá wọ ojú ìwé rẹ lè wo gbogbo ohun tó o tẹ ọkàn pupa sí. Ọ̀gá mi kan fi ọkàn pupa mi bi mí léèrè níwájú gbogbo ọ́fíìsì, nígbà tá à ń jẹ ìrẹsì. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò mọ ìrẹsì yẹn lẹ́nu mọ́.

Tíṣà_Minna · 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ní kì í ṣe ẹ̀bi fóònù. Iléeṣẹ́ ìwádìí Pew bi àgbàlagbà 1,801 ní Amẹ́ríkà léèrè ní 2013, lẹ́yìn tí Edward Snowden tú àṣírí pé ìjọba wọn ń ṣọ́ ìpè àwọn aráàlú. Nínú ọgọ́rùn-ún, 86 ló ní àwọn á lè jókòó ti èèyàn sọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó ń lo Facebook àti Twitter nínú wọn ńkọ́? 42 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn á lè kọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn yẹn ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ìdọ̀bálẹ̀ o.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́_Kano · 5:15 ìrọ̀lẹ́

Mo gbọ́. Mo gba ìdajì.

Lọ́yà_Gwarinpa · 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ rántí pé òfin náà wà níbẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, abala 24, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, o lè dé àgọ́ ọlọ́pàá nítorí ọ̀rọ̀ tó kàn "bí ẹlòmíràn nínú". Wọ́n tún un ṣe ní 2024, wọ́n fà á mọ́ra díẹ̀. Àwọn oníbàárà mi ò mọ̀ pé wọ́n tún un ṣe, ìbẹ̀rù ti àkọ́kọ́ ló kù lára wọn. Ṣùgbọ́n ti géètì yìí kì í ṣe ti ọlọ́pàá, ojú alága lẹ̀ ń wò.

Àkànní_Nyanya · 7:00 alẹ́

Ó yá, iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ gbé ìbò WhatsApp sórí gúrúùpù. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó parí.

Ọmọ_Jabi · 7:04 alẹ́

Orúkọ á hàn níbẹ̀ náà, bọ̀dá mi. Ẹ tẹ èsì ìbò yẹn, ẹ ó rí ẹni tó yan kí ni. Ti Telegram lè fi orúkọ pamọ́. Google Form náà lè ṣe é tẹ́ ẹ bá sọ fún un pé kó má gba ímeèlì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà òpópó yín, ṣé wọ́n á gbà pé ẹnikẹ́ni ò rí àwọn?

Ìyá_Ìbejì_Kubwa · 7:20 alẹ́

Wọn ò ní gbà. Èmi náà ò gbà.

Nǹkan mìíràn tún wà tí mi ò tíì sọ. Alága ti fún wẹ́dà ní Dei-Dei ní ₦150,000 àsansílẹ̀, láti àpò ara rẹ̀. Àtàǹpàkò wa ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Alhaja_Zaria · 7:26 alẹ́

Mo wí bẹ́ẹ̀ àbí mi ò wí?

Ẹ pe ìpàdé ojúkojú. Ẹ̀wà àti àgbàdo. Kí olúkúlùkù mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó lọ sẹ́yìn nǹkan, kó ju ọ̀kan sínú ohun tó ní ìdérí. Ẹ̀wà bó bá fẹ́ géètì, àgbàdo bí kò bá fẹ́. Kí alága má ṣe kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ o. Nínú ẹbí tiwa, àbúrò ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, olórí ẹbí á sọ tirẹ̀ kẹ́yìn, nítorí bó bá ti là á, ta ló kù tó máa là á?

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́_Kano · 7:41 alẹ́

Ṣùgbọ́n ẹ má fi àgbàdo dójú ti bàbá onílé láàárín òpópó. Kí ẹ tó pe ìpàdé kankan, ẹ lọ bá a nílé lálẹ́, ẹ̀yin nìkan. Ẹ kúnlẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí òdòdó tiyín.

Ìyá_Ìbejì_Kubwa · Ọjọ́ Ajé, 8:50 alẹ́ (ọjọ́ 11 lẹ́yìn náà)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo padà dé.

Mo lọ bá alága. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, mo ní nǹkan kan láti jẹ́wọ́." Mo sọ ti òdòdó. Bàbá ò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé awò sójú, wọ́n ṣí gúrúùpù, wọ́n ń yí i lọ sókè, wọ́n ń ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹni yìí ńkọ́? Ẹni yìí náà ńkọ́?" Mo ní sà, ẹ jẹ́ ká tún wọn bi.

Ìpàdé wáyé lánàá lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wọn. Ilé 39 wá. A lo garawa ọ̀dà, a fi aṣọ bò ó lórí, a gbé e sẹ́yìn mọ́tò alága. Wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń lọ gba ara Olúwa. Nígbà tá a tú u: ẹ̀wà 11, àgbàdo 27. Ẹnì kan tún ju ẹyọ ẹ̀pà kan sí i.

Alága wo garawa náà pẹ́. Wọ́n ní, "Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n?" Kò sẹ́ni tó dáhùn, àfi ìgbà tí ìyá onímíńrà dìde, ó sọ ti ọkọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Bó ṣe jókòó báyìí, gbogbo ẹnu là. Àwọn mùsùlùmí inú wa lọ kírun Màgíríbì, wọ́n padà wá bá a lẹ́nu ẹ̀. Wẹ́dà ní òun ti gé irin, òun ò dá owó padà, nítorí náà a ó fi irin náà bo gọ́tà. Àwọn ilé 9 ní kí a fi owó tiwọn ra iná sólà.

Mo kọ ohun tá a fẹnu kò lé lórí sórí gúrúùpù lálẹ́ àná. Kí n tó wẹ ọmọ méjì, àtàǹpàkò ti di 40. "Ọlọ́run á san yín lẹ́san, sà." Ọkùnrin ijọ́sí tún wà níbẹ̀: "Iná sólà, ó ti pẹ́ jù ká tó ṣe é."

Àkànní_Nyanya · 8:53 alẹ́

Ta ló ju ẹ̀pà sí i?

Ìyá_Ìbejì_Kubwa · 8:54 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ọbẹ̀ mi níná.